Ìgbálẹ̀ Ní Ibojì, Eleuterio Barragán Kò Ní

Eleuterio Barragán kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, lórí àga lẹ́nu ọ̀nà ilé Màmá Domitila, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Ní ọjọ́ kejì wọ́n gbé e lọ sí orí òkè tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ẹja, níbi tí ìjọba ìlú ń sin àwọn tí wọ́n ní kò lẹ́ni. Ìlà kẹrìnlá, ihò kẹsàn-án. Kò sí orúkọ níbẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ọ̀dà kọ sára pákó kan, òjò sì ti fọ ìdajì rẹ̀ lọ.

Kò lẹ́ni. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé gìtá oníná dúró níwájú èèyàn ní Barra Carrizal, ní ọdún 1958, nígbà tí àwọn àlùfáà ń sọ pé orin rọ́ọ̀kì yóò ba àwọn ọmọge jẹ́. Ẹni tí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ti jó sí orin rẹ̀ níbi ìgbéyàwó yín, tàbí kí àwọn òbí yín ti jó sí i. Ta ló kù ní èbúté yìí tí kì í ṣe ẹni rẹ̀?

Aránṣọ ni mí. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi rán kóòtù fún un, ìwé ìwọ̀n mi sì wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Nígbà tí mo rán kóòtù pupa àkọ́kọ́, ìbàdí rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Nígbà tí mo wọn ti ìsìnkú, mẹ́tàdínláàádọ́rin ló kù. Sẹ̀ǹtímítà mọ́kàndínlógún ti lọ lára ọkùnrin kan lójú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tó gbà lọ.

Ìgbà tí mo bá ń wọn ọ́n ló máa ń sọ ìtàn fún mi. Bàbá rẹ̀ fi agbọ̀n akàn kan gba giramafóònù àti àwo orin mẹ́fà lọ́wọ́ atukọ̀ ará Amẹ́ríkà kan. Iná tiwọn ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún, iná tiwa nígbà náà kò sì yára tó tiwọn, nítorí náà ńṣe ni àwo ń yí bí ẹni tó jẹun yó. Ohùn àwọn akọrin wá ń jáde bíi ti akọ màlúù, gìtá ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Tello, bí a ṣe ń pè é, kò mọ̀. Ta ni ìbá sọ fún un? Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ó dẹ okùn gìtá rẹ̀ títí tó fi bá ohùn yẹn dọ́gba, ohùn kan tó wà láàárín ohùn méjì, tí dùùrù kankan kò ní.

Ó ní, "Àwọn atukọ̀ tó gbọ́ mi bi mí pé, 'Ọ̀rẹ́, ṣé ara rẹ ò yá ni?' Mo ní ara mi yá, ẹ̀yin lẹ̀ ń kánjú."

"Ẹ dúró ṣinṣin, Bàbá Tello, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi."

"Ọdún kẹta ni mo tó gbọ́ àwo kan náà lọ́dọ̀ àwọn ará ààlà, níbi tí iná ti yára. Mo ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn lọ tún ṣe."

Àwọn atukọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde jó, nítorí orin tó rọra ń lọ máa ń fún ìdí láyè láti ro ohun tó fẹ́ ṣe. Àṣìṣe yẹn ni gbogbo èbúté ń jó títí dòní. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣí àjọ̀dún ìlú lọ́dọọdún, tí olórí ìlú á máa juwọ́ bí ẹni pé òun ló bí i.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi san án fún un. Kí ẹgbẹ́ olórin tó gbà ẹ́ ní ọmọ ẹgbẹ́, o gbọ́dọ̀ ka àmì orin lójú ìwé níwájú onídàájọ́ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Tello lọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń sọ pé, "Ẹ lù ú fún mi lẹ́ẹ̀kan, màá lù ú padà fún yín." Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń tẹ dùùrù, tí wọ́n á ní gìtá rẹ̀ kò sí lójú ohùn. Wọ́n kọ "akẹ́kọ̀ọ́" sórí káàdì rẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ló fi jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Láàárín ìgbà yẹn ó kọ́ àwọn ọmọ ní gìtá lábẹ́ igi máńgòrò Màmá Domitila, àwọn wọ̀nyẹn lọ ka àmì orin wọn, wọ́n sì di ọ̀gá. Mẹ́fà nínú wọn wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ lónìí.

Ọ̀kan ni Evaristo Luján, akọ̀wé ẹgbẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èmi àti Màmá Domitila gbà lọ ní ọ̀sán ọjọ́ tó kú.

Ó ní, "Ìyá aránṣọ, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ náà bà mí lọ́kàn jẹ́. Bàbá gbogbo wa ni."

"Ẹ ṣé. Ibojì ẹgbẹ́ la wá bẹ̀bẹ̀ fún."

Ó yí káàdì Tello síwájú, ó yí i sẹ́yìn. "Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kọ síbí. Ọmọ ẹgbẹ́ nìkan la ń sin síbẹ̀."

"Ẹni ọgọ́rin ọdún?"

"Òfin ò mọ ọjọ́ orí, mà."

Màmá Domitila tí kò tíì sọ̀rọ̀ wá la ẹnu. "Evaristo, ta ló kọ́ ẹ ní gìtá?"

"Màmá, ọ́fíìsì la wà, ẹ jọ̀ọ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé."

"Ọ̀rọ̀ ilé mi ni. Ẹja mi lò ń jẹ kí o tó mọ okùn kẹta yàtọ̀ sí ìkẹrin."

Ó ti káàdì náà padà sínú àpótí, ó ní òfin ni òfin.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ṣe dáadáa o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n fi òdòdó ránṣẹ́ sí orí òkè, ó tóbi tó táyà ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n kọ "Sí Ọ̀gá Wa" sára rẹ̀. Àwọn agbẹ́lẹ̀ kò tíì bo posí tán nígbà tí ọkùnrin kan gun alùpùpù dé, ó ní kí a má bínú, òun fẹ́ gbé òdòdó náà, wọ́n ń dúró dè é níbi òkú mìíràn ní agogo méjì, ní ilẹ̀ ẹgbẹ́. Òdòdó Tello wọ ibi tí Tello kò lè wọ̀.

Mo tọpa rẹ̀ lọ síbẹ̀. Mo ka ibojì tí wọ́n kọ́ sínú ògiri ẹgbẹ́ níkọ̀ọ̀kan: ogójì ni, mẹ́tàdínlógún ṣófo. Nínú ọ̀kan, ìgbálẹ̀ méjì àti bàkéètì ni wọ́n kó síbẹ̀. Kí ni yóò ná wọn láti palẹ̀ ìgbálẹ̀ mọ́? Péso mélòó ni? Mo ti ro ó títí, kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Mo lọ sí ọ́fíìsì àṣà ní ilé ìjọba ìlú. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n fọkàn balẹ̀, wọ́n ń gbèrò láti gbẹ́ ère rẹ̀. Mo bi í pé, "Ṣé ère náà máa ka àmì orin kí ẹ tó gbé e dúró?" Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ju agbára òun lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń lé mi kiri. Lórí òkè yẹn, posí mẹ́ta ni wọ́n ń tò léra nínú ihò kan. Tó bá pé ọgbọ̀n ọjọ́ wọ́n á fi símẹ́ǹtì dí i, wọn kò sì ní ṣí i mọ́ fún ọdún méje. Tó bá pé ọdún méje wọ́n á kó gbogbo egungun pọ̀ sínú àpò. Ọjọ́ mọ́kànlá ti lọ. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni Màmá Domitila, kò ní ọdún méje láti fi dúró. Orúnkún rẹ̀ kò lè gun òkè. Láràárọ̀ ló ń dúró sí títì nísàlẹ̀, tó ń di ọwọ́ mi mú, tó ń bi mí pé, "Apá ibo ni? Ṣé ọwọ́ ọ̀tún igi yẹn ni?" Mo máa ń nàka fún un. Lánàá mo nàka síbì kan tí kò dá mi lójú, torí nọ́ńbà ti parẹ́, ó sì gbàdúrà síbẹ̀. Mi ò rí oorun sùn lórí ìyẹn.

Lọ́jọ́ ọdún Sẹ̀sílíà Mímọ́, alábòójútó àwọn olórin, ẹgbẹ́ máa ń fọn fèrè lọ síwájú ògiri yẹn, wọ́n á pe orúkọ àwọn òkú wọn níkọ̀ọ̀kan, àwọn alààyè á dáhùn pé, "Ó wà níbí." Ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹ óò pe ẹni tó ń fọn fèrè ìsìnkú, ẹ óò pe ẹni tó ń gbé àga. Lẹ́yìn náà ẹ óò kọ orin Tello lọ sílé.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ̀ ń ṣe ìpàdé lọ́la ní agogo mẹ́rin. Ohun méjì ni mo ń béèrè: ẹ pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ lórí káàdì, ẹ sì gbé òkú yẹn sọ̀kalẹ̀ kí símẹ́ǹtì tó dé. Màá mú Màmá Domitila wá, màá sì gbé e jókòó sí iwájú. Ẹni tó bá gbà nínú yín pé Eleuterio Barragán kì í ṣe olórin, kó má fara pamọ́ sẹ́yìn òfin. Kó dìde, kó pe orúkọ ara rẹ̀, kó sọ ọ́ sí obìnrin yẹn lójú. Tó bá sọ ọ́ tán, kó mú un lọ́wọ́ gun òkè, kó fi ibi tí yóò kúnlẹ̀ sí hàn án.