Awakọ̀ Òfuurufú Bàbá Ọkọ Mi

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Àwóyè létí òkun gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, tí òórùn edé yíyan gba gbogbo aṣọ àti irun mi, tí mo sì rò pé ayé mi ti bàjẹ́. Ará òkè ni mí, ẹ̀gbẹ́ Àkúrẹ́ ni wọ́n ti gbé mi wá. Mi ò mọ ọkọ̀ ojú omi wà, pupuru, òkèlè ẹ̀gẹ́ wọn, tí mo bá rò kì í jọ tẹni kankan, ọkọ mi sì máa ń pẹ́ lójú òkun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn ló dùn mí jù. Bí wọ́n bá fi èdè Ìlàjẹ dá àpárá, kó tó yé mi, wọ́n á ti rín in tán, èmi á wá máa dá rín bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo bá ọlọ́kọ̀ kan sọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́ pé kó wá gbé mi lọ sí Igbókòdá láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ibẹ̀ ni màá ti wọ mọ́tò lọ sílé ìyá mi, mi ò sì ní in lọ́kàn láti padà.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo wúlò fún nínú ilé náà. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n máa ń ṣe fíìmù àwọn kan tó ń gbé inú ọkọ̀ òfuurufú láàárín ìràwọ̀ lórí tẹlifíṣàn. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, èmi tí mo kàwé ni mò ń túmọ̀ rẹ̀ fún ilé.

Bàbá ọkọ mi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì. Lọ́dọ̀ wa, ìdí ọkọ̀ ni awakọ̀ ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Iwájú, èrò àti ẹrù ló ni ín. Nígbà tí Bàbá rí ọkùnrin kúkúrú kan tó ń jókòó ti ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ọkọ̀ òfuurufú náà, ó ní, "Ọ̀gá nìyẹn! Ẹ wò ó bó ṣe dákẹ́. Awakọ̀ gidi kì í pariwo." Bẹ́ẹ̀, mẹkáníìkì ni! Obìnrin tó jókòó níwájú ni ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ìyàwó àná àná wo ló máa já bàbá ọkọ rẹ̀ ní koro lójú gbogbo ilé? Mo bá ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu obìnrin náà, mo ń fi í sẹ́nu mẹkáníìkì. Bí obìnrin náà bá pàṣẹ, màá ní ó ń bẹ̀bẹ̀ ni. Ìyá ọkọ mi tiẹ̀ máa ń gbàdúrà fún mẹkáníìkì náà bí òkúta bá ń já bọ́ láti ojú ọ̀run.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé oṣù méjì. Ní Sátidé tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn, ẹ́ńjìnnì wọn kú sójú ọ̀run. Obìnrin náà dìde, ó na ìka sí ọkùnrin náà nímú, ó bú u bí ẹni láyin. Ọkùnrin náà tẹrí ba.

Bàbá bá dìde. "Ìyàwó! Kí ló dé tí èrò ọkọ̀ fi ń bú awakọ̀?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ dákun, Bàbá. Obìnrin yẹn ni ọ̀gá wọn. Mẹkáníìkì ni tiyín. Irọ́ ni mo ti ń pa fún yín."

Ilé pa lọ́lọ́. Ojú tì mí débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n bẹ́ sómi. Inú ọkọ̀ òfuurufú náà ti dákẹ́ bákan náà: róbọ́ọ̀tì wọn, ẹ̀rọ tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, ti dá àpárá kan tí kò lórí tí kò nídìí kó lè pẹ̀tù síjà, ẹnikẹ́ni ò sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo ara wọn, àwa náà ń wo ara wa. Ni róbọ́ọ̀tì bá dá rín àpárá ara rẹ̀: "Ha. Ha. Ha." Ohùn jẹnẹrétọ̀ tí epo ń tán nínú rẹ̀ gan-an ni! Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ náà, gbogbo wọn bá tẹ̀ lé e. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Yéè! Gbogbo àdúrà tí mo ti gbà fún mẹkáníìkì!"

Ilé dàrú. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. "Ìyàwó yìí fẹ́ pa mí o! Ó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀, ó gbé e fún mẹkáníìkì mi!" Èmi náà rẹ́rìn-ín títí inú fi ń ro mí, mi ò kọ́kọ́ wojú ẹnikẹ́ni kí n tó rín.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọlọ́kọ̀ dé. "Èrò Igbókòdá dà?" Bàbá béèrè ẹni tó pè é. Mi ò lè purọ́ mọ́.

"Èmi ni, Bàbá. Mo fẹ́ máa lọ sílé wa."

Ó wo ọkọ̀, ó wò mí. Kò rẹ́rìn-ín rárá. "Bí o bá lọ, ta ló máa wá máa purọ́ fún wa ní Sátidé?"

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní kí ọlọ́kọ̀ máa lọ.

Bàbá ti dolóògbé báyìí. Mo rò nígbà yẹn pé ọjọ́ tí mo bá mọ gbogbo nǹkan ṣe ni wọ́n máa tó gbà mí. Àṣìṣe mi ni wọ́n fi gbà mí. Mo ti gba Igbókòdá kọjá lọ sílé ìyá mi láìmọye ìgbà láti ìgbà náà. Ìbẹ̀wò ni gbogbo rẹ̀.