Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Kò Sí Èéfín

Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ló wá kìlọ̀ fún mi. Kò jókòó. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó mú fìlà rẹ̀ dání, ó ní:

"Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá wa bá ọmọ yín tó wà ní yunifásítì sọ̀rọ̀. A gbọ́ pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fẹ́ máa jókòó sójú títì Sángo ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé láti oṣù tó ń bọ̀, wọ́n ní torí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ àti èéfín. Àwọn awakọ̀ ti gbọ́. Wọ́n ní àwọn ò ní tẹ bíréèkì."

Mo ní, "Wọn ò ní tẹ bíréèkì báwo?"

"Bí ẹ ṣe gbọ́ ọ yẹn náà ni, mà."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ. Mo wo aago. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù, mo bi í bóyá òótọ́ ni. Ó ní, "Òótọ́ ni, Mọ́mì. Mo ti fẹ́ sọ fún yín tẹ́lẹ̀."

Èmi kì í ṣe òǹkọ̀wé. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, ní Ìkirun, iṣẹ́ aránṣọ ni mo sì ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ mi fẹ́ ṣe yìí, mo ti ṣe irú rẹ̀ rí, ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé dídí ọ̀nà ló ń jẹ́ kí ìjọba gbọ́. Mo gbọ́ tí àwọn mìíràn ń sọ pé òun gan-an ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀.

Ìgbà tí àwọn ìjọ ńláńlá àti yunifásítì ń hù ní Ọ̀tà bí olú tó rí òjò ni èmi àti ọkọ mi dé ibẹ̀. Iṣẹ́ wà fún aránṣọ nígbà náà. Mo ń rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin, mo ń rán gáùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé àti lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde. Kò sí èyí tó kúrò lọ́wọ́ mi tí apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Ilé tí a rí gbà wà lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ló là wá láàárín sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù. Bí mo bá sá aṣọ funfun ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, dúdú á ti tò sí i lára bí ẹni fọ́n ata gígún sí i. Mo kọ́ láti máa sá aṣọ sínú yàrá. Ìyẹn ní ojútùú.

Àyà ọmọ mi ni kò ní ojútùú. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà, ikọ́ fée ló ń ṣe é. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ohùn tó ń jáde láyà rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé kan, mo fa ìlà sí i láàárín. Lápá òsì, mo ń kọ ọjọ́ àti aago tí èéfín jáde. Lápá ọ̀tún, mo ń kọ ìgbà tí àyà ọmọ náà dún. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé apá méjèèjì ń tẹ̀ lé ara wọn. Mo gbé ìwé náà lọ fún nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn àdúgbò. Ó kà á dáadáa, ó ní kí n gbé ọmọ náà kúrò níbi tí èéfín wà.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ibo ni kí n gbé e lọ?"

Ó pa ìwé náà dé, ó dá a padà fún mi. Ilé tirẹ̀ náà kò ju òpó iná mẹ́fà sí tiwa lọ.

Mo kọ lẹ́tà. Ọ̀kan sí ilé iṣẹ́ náà, ọ̀kan sí ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀kan sí ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹgbẹ́ onílé fọwọ́ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n gbà wọ́n lọ́wọ́ wa, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwa, wọ́n ní kí a máa lọ. Ọdún méjì kọjá. Ẹnikẹ́ni kò wá.

Alhaja kan wà tó ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ ike ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni, ó sì ti dàgbà. Ní ọjọ́ kan ó ké sí mi láti ìsọ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó, lẹ́tà mélòó lo ti kọ?"

"Mẹ́ta, mà."

"Ta ló ti wá?"

"Kò tíì sẹ́ni tó wá, mà."

"Ó dáa. Ọkùnrin tó ń wa tírélà, kí ló ń bẹ̀rù jù láyé?"

Mo ní, "Ọlọ́pàá?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di bọ́kẹ́ẹ̀tì mú. "Ọlọ́pàá kẹ̀! Ìró obìnrin ni, ìyàwó. Ìró tó ti gbó mọ́ ìdí."

Ó yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń de nǹkan mọ́ ìbàdí kí wọ́n tó bọ́ sọ́nà jíjìn, wọ́n sì gbà pé bí àwọn bá kọjá lábẹ́ ìró obìnrin, ohun náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Èyí tí kò de nǹkankan gan-an kò jẹ́ kọjá níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin mẹ́rìnlá ni wá. Èmi ni mo fi téèpù wọn ọ̀nà náà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. A na okùn mẹ́ta láti ara òpó iná dé ara igi dóńgóyárò, a sì sá ìró wa sí i. A kò bú ẹnikẹ́ni, a kò gbé igi dání. A jókòó sórí àga ike Alhaja, a ń gé ilá.

Tírélà àkọ́kọ́ dé, irin àlòkù kún ẹ̀yìn rẹ̀. Awakọ̀ náà yọrí.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u."

Alhaja ní, "Kọjá, ọkọ mi. Aṣọ lásán ni."

"Aṣọ lásán kẹ̀? Ní Ọ̀tà? Ìyá, mo ṣì fẹ́ bímọ o!"

"Ìyàwó mélòó lo ní?"

"Méjì, mà."

"Ìyẹn náà tó ẹ. Kọjá."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló fi rìn títí ó fi kúrò lójú wa. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, tírélà mọ́kànlá ló ti tò dé ojú títì. Irin kò wọlé mọ́. Ní ọjọ́ kejì, iná tí wọ́n fi ń yọ́ irin kú. Lápá òsì ìwé mi, mo kọ "kò sí". Lápá ọ̀tún, mo kọ "kò sí". Ọmọ mi sá eré láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó dúró, ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó tún sá eré padà. Ó ń wá ohùn náà, kò rí i.

Bí ó bá jẹ́ pé ibí ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, n kò ní máa kọ ìwé yìí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì náà ni ọkùnrin kan dé láti ọ́fíìsì ìjọba. Èèyàn àkọ́kọ́ tí a rí láti ọdún méjì nìyẹn, mi ò sì ní purọ́, okùn tí a na ló mú un wá, kì í ṣe lẹ́tà mi. Inú mi dùn. Mo sáré wọlé lọ mú ìwé mi.

Ó ní, "Ta ló so aṣọ yìí?"

Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo èyí. Gbogbo ìgbà tí èéfín jáde ló wà níbẹ̀."

Ó ṣí ojú ìwé méjì. Ó gbójú sókè wo ẹnu ihò èéfín ilé iṣẹ́ náà.

"Màmá, èéfín ọ̀hún dà?"

Èmi náà wòkè. Ojú ọ̀run mọ́ tónítóní.

Mo ní, "Àwa la dá a dúró, sà. Torí pé irin ò wọlé ni."

Ó ní, "Ẹ̀hẹ́n. Kò sí èéfín." Ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi fóònù ya fọ́tò ìró wa, ó yà á láti ọ̀tún, ó yà á láti òsì.

N kò mọ ẹni tó tan fọ́tò náà ká, ó lè jẹ́ àwọn awakọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn gun ọ̀kadà wá wò wá. Gbogbo ayé ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa Ọ̀tà àti àwọn ìyá ibẹ̀ láti ayébáyé. Àwa fúnra wa la fi okùn yẹn fà á dé ojú ọ̀nà. Àwọn àjẹ́ Ọ̀tà ti dí ọ̀nà ilé iṣẹ́: ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá a máa ń fò lọ sílé ni. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tí ilé iṣẹ́ náà ṣe. Ọdún méjì tí mo fi ń ka èéfín, ọ̀rọ̀ ìró bò ó mọ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Ní ọjọ́ kẹta náà, ilé iṣẹ́ ní kí àwọn tó ń já irin máa lọ sílé. Ọkọ obìnrin tí a jọ ń gbé ilé kan náà wà lára wọn. Obìnrin yìí ti so ìró tirẹ̀ pẹ̀lú wa. Ó wá bá mi nídìí okùn.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ọmọ tiyín ò lè mí. Mo mọ̀. Àwọn tèmi ò ní jẹun."

Ó tú ìró rẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn mẹ́rin mìíràn ti tú tiwọn.

Ilé iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ dúró dè wá. Wọ́n gbé katakátá wá, wọ́n la ọ̀nà mìíràn láti ẹ̀yìn, láti apá Igbesa. Ní aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, èéfín jáde. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀sán, mo kọ apá ọ̀tún.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbàdúrà nínú ìjọ tí mo ń rán aṣọ fún, pé kí Ọlọ́run ká àwọn tó ń fi ìró dí ọ̀nà ìtẹ̀síwájú lọ́wọ́ kò. Olórí akọrin wá gba àwọn aṣọ tí n kò tíì rán tán. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Mà, àwọn àgbà ìjọ ló ní kí n wá." Mo bá a dì í sínú àpò, mo kó òwú tó kù lé e.

Nígbà tí mo tún kọ lẹ́tà kẹrin, akọ̀wé ọ́fíìsì ìjọba tó gbà á rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá oníró nìyí?" Mo mọ̀ pé lẹ́tà kò tún ní wúlò láti ọwọ́ wa mọ́. Bí mo ṣe yanjú ọ̀rọ̀ náà ni pé mo gbé ọmọ mi lọ fún ìyá mi ní Ìkirun. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni mo ń rí i. Ohùn rẹ̀ yí padà, n kò sí níbẹ̀. Ó dàgbà di obìnrin, ìyá mi ló ṣàlàyé nǹkan oṣù fún un.

Yunifásítì ló tún gbé e padà sí tòsí mi. Ní ọjọ́ kejì tí akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé kìlọ̀ fún mi, ó wá sílé. Mo gbé oúnjẹ fún un, mo dúró kó jẹ ẹ́ tán kí n tó sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Aláboyún á wà nínú ọkọ̀ tí ẹ máa dá dúró. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ tí wọ́n á lé e bó bá pẹ́, á wà níbẹ̀."

"A máa fi apá kan ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn, Mọ́mì."

"Ta ló máa mọ̀ pé ẹ fi sílẹ̀? Wọ́n á kórìíra yín. Tí wọ́n bá ti kórìíra yín tán, wọ́n á kórìíra ohun tí ẹ wá sọ. Mo ti ṣe é rí."

Ó ní, "Ooru tó ń mú yìí, omi tó ń wọlé àwọn èèyàn lọ́dọọdún, èéfín yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ẹ̀. Kí la wá máa ṣe? Ká kọ lẹ́tà karùn-ún?"

Mo bu omi sí ife rẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ rántí ọjọ́ mẹ́ta yẹn? Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni mo fi mọ bí àyà àwọn èèyàn yòókù ṣe ń rí. Tí ẹ ò bá so okùn yẹn, mi ò bá tí mọ̀ pé mímí kì í ṣe iṣẹ́."

Mo palẹ̀ abọ́ mọ́. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ihò èéfín tí mo lè rí láti ẹnu ọ̀nà mi ti di mẹ́ta. N kò gbà pé jíjókòó sójú títì á dín ọ̀kan kù nínú wọn. N kò gbà pé lẹ́tà á dín in kù. Mo ti dán méjèèjì wò. Lẹ́tà, wọn kò kà á. Okùn, wọ́n kà á, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni wọ́n kà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá mọ ọ̀nà kẹta, kó wá sọ fún ọmọ mi, nítorí èmi kò rí i, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, n kò sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba Sángo lọ síbi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo ń bẹ̀. Bí ẹ bá bá àwọn ọmọ kan nílẹ̀ lójú títì, ẹ bú wọn bó bá wù yín, n kò ní bínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lù wọ́n, ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ yín kàn wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń di irun rẹ̀ sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí i pé kò lè mí dáadáa, ike búlúù kékeré tó ń fi sẹ́nu fa oògùn wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ lápá òsì. Ẹ bá mi fà á yọ, kí ẹ mì í lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ẹ sì gbé e sí i lẹ́nu.