Ẹ̀jẹ̀ Lẹ́yìn Ẹyinjú Adébùnmí

Ojú kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù fún Adébùnmí. Gilakómà ti pa ti òsì láti ìgbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, níbi tó ti fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tẹ táípù. Nígbà tí àrùn náà dójú lé ọ̀tún, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn ojú kan ní Festac, kí omi tó ń fún ẹyinjú náà pọ̀ lè rọ́nà jáde.

Lọ́jọ́ kẹta, ibi tó ti ń mu ẹ̀kọ gbígbóná ni ikọ́ ti gbé e. Bó ṣe wúkọ́ tán, ìrora gba ojú náà dé àtàrí, gbogbo ilé sì ṣú. Sàrátù, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní Agboju, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra ọjà ni. Ó pa ọjà tì, ó fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e padà lọ sí ilé ìwòsàn náà.

Dókítà Olúgbóyèga tan iná sí ojú náà, kò rí inú rẹ̀. Ó ní síkáànì, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ojú, nìkan ló lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Raheemah, tó ń ṣe síkáànì, ní kí ìyá náà dijú. Ó fi nǹkan tútù tó ń yọ̀ pa ìpéǹpéjú rẹ̀, ó rọra gbé ẹ̀rọ lé e. Kò sọ̀rọ̀. Adébùnmí ti bá irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ pàdé rí, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá tó mú lẹ́tà ìdádúró dání.

“Dókítà, ẹ má fi pamọ́ fún mi.”

“Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ ti ya sẹ́yìn awọ inú ẹyinjú yín. Ó ti awọ náà wá síwájú lọ́tùn-ún lósì, ó kù díẹ̀ kí apá méjèèjì kanra. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà ti dì. Tí a bá ṣí i lónìí, kò ní jáde.”

Ó ní àwọn máa fún un lóògùn ìrora, àwọn á sì dúró kó yọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Raheemah tún yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀jẹ̀ náà kò mira. Adébùnmí ń sùn ní ìjókòó, ó ń gbé ikọ́ mì, ó ń fi ìka tẹ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sórí itan.

Lọ́jọ́ kejìlá, Raheemah sọ̀rọ̀ kó tó gbé ọwọ́ kúrò. “Ó ti yọ́, Mà. Mo rí i tó ń mì.”

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, èéfín lásán ló rí. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó lè ka ìka dókítà. Kò lè ka ìwé ìròyìn mọ́, Sàrátù ló sì ń mú un sọdá títì, ṣùgbọ́n ó ń bu omi mu fúnra rẹ̀, kì í dà á nù.