Òṣùpá Tí Ìyá Ìyàwó Fọwọ́ Kàn

Òórùn ọ̀dà olóróró ló máa ń kí àlejò ní yàrá wa ní Àgọ́-Ìwòyè kí ó tó rí ẹnikẹ́ni nínú wa. Èmi ni mo ni ọ̀dà, torí iṣẹ́ ọnà ni mo ń kọ́ ní yunifásítì. Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé kì í jẹ́ kí n ṣí fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, nítorí náà àwa méjèèjì la jọ ń fa òórùn yẹn símú. Ìtòsí Abigi ni wọ́n bí i sí, létí ọ̀sà gan-an. Nígbà tó sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ so yìgì òun, àti pé Kánò ni ọkọ òun ń gbé, mo ní n ó ya ọ̀sà ilé wọn lábẹ́ òṣùpá fún un, kó lè máa rí i lọ́ọ̀ọ́kán.

Èyí tí mo kọ́kọ́ yà kò dára rárá. Mo da búlúù tó ń tàn yanran sójú ọ̀run, mo fi funfun báláú ṣe òṣùpá. Ó wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló so gílóòbù sórí ọ̀sà wa?"

Ló bá mú mi lọ sílé wọn. Lẹ́yìn ìrun ìṣáì, a jókòó létí omi, ibẹ̀ lojú mi ti là. Lábẹ́ òṣùpá, kò sí àwọ̀ kankan tó ń pariwo. Koríko tó tutù yọ̀yọ̀ lọ́sàn-án ti di eérú, ọkọ̀ tí wọ́n kùn ní pupa ṣú bí ẹ̀dọ̀, omi dúdú minimini, àfi ojú kan tó ń dán lórí rẹ̀. Inú mi dùn débi pé èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a padà, dúdú, funfun, àwọ̀ ilẹ̀ àti búlúù táṣẹ́rẹ́ ni mo lò. Mo pò wọ́n títí ara wọn fi rọlẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀dà olóróró kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Ọjọ́ yìgì pé, ọ̀dà ò tíì gbẹ. Mo gbé àwòrán náà lé itan nínú mọ́tò títí dé Abigi, mo ń bẹ gbogbo èrò pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fara kàn án o."

Bí mo ṣe gbé e kalẹ̀, ìyá ìyàwó sún mọ́ ọn. "Máṣáàláhù! Ẹ̀yìnkùlé wa rèé!" Kí n tó lanu, ó ti na ìka sójú omi tí òṣùpá tàn sí, ó fà á lọ sápá ibi tí ilé wọn wà. Mo sáré na ọwọ́ láti dá a dúró. Òun náà rí ọ̀dà lórí ìka rẹ̀, ó figbe ta. "Yéè! Mo ti ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́!"

Mo ní n ó tún un ṣe. Ọ̀rẹ́ mi di ọwọ́ mi mú.

"Má tún nǹkan kan ṣe. Ọwọ́ ìyá mi nìyẹn. Mò ń gbé e lọ Kánò."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ìka ọlọ́dà náà sókè, ó ń fi í han gbogbo àlejò.

Mo ti ya àwòrán tó mọ́ jù ú lọ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ibi tí ìka yẹn fà ni omi ti ń mì bí ẹni pé atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ. Búrọ́ọ̀ṣì mi kò ṣe irú rẹ̀ rí. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù kì í bà mí mọ́ bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kan iṣẹ́ mi. Ẹni tí a bá ya ilé rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kan àwòrán náà.