Àǹtí Sọ-ọ́-bó-ṣe-rí àti Lẹ́tà Yàrá Ìránṣọ

Kí n má parọ́: èmi náà wà lára àwọn tó ń fi Àǹtí Sọ-ọ́-bó-ṣe-rí ṣe yẹ̀yẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa, ẹnu tèmi ló tiẹ̀ mú jù. Àwa nọ́ọ̀sì tó kù ti sọ ara èèyàn lórúkọ tiwa. Nǹkan ọkùnrin ń jẹ́ "alága", ẹpọ̀n ń jẹ́ "àwọn akọ̀wé", ti obìnrin ń jẹ́ "gbọ̀ngàn". Tí ẹnì kan bá ti ní, "Alága ò lè wá sípàdé lónìí," ẹ̀rín ti dé nìyẹn, aláìsàn á wà lórí bẹ́ẹ̀dì, á máa wò wá bọ̀ọ̀.

Àǹtí ò bá wa dá sí i. Orúkọ tí nǹkan ń jẹ́ ló fi ń pè é, ohùn rẹ̀ ò sì kéré. Ẹni tó bá ní, "Nọ́ọ̀sì, mo ní bípí," á gbọ́ èsì: "Gbogbo wa la ní bípí, òkú nìkan ni ò ní. Ṣé tiyín ga ni àbí ó wálẹ̀?" Ti ọ́sà, ìyẹn egbò inú, ló máa ń bí i nínú jù. Inú rírun yòówù, ọ́sà ni aráyé ń pè é, àwa náà á sì kọ ọ́ sínú fáìlì bẹ́ẹ̀. Àǹtí á ní, "Ta ló rí ọ́sà náà? Ẹ kọ́kọ́ wo èèyàn ná!"

Ọdún mọ́kànlá ló fi ránṣọ kó tó wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa tá a ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ fi jẹ́ àbúrò fún un. Lọ́jọ́ kan tá a jọ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sọ ìdí tó fi fiṣẹ́ abẹ́rẹ́ aṣọ sílẹ̀. Kókó wà lọ́mú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń ti màmá. "Èjìká ń dùn mí" ni wọ́n ń wí fún gbogbo nọ́ọ̀sì, oògùn tí wọ́n ń fi pa èjìká ni wọ́n sì ń fún wọn títí màmá fi kú. Mo kàn ń fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ìyàwó aláìsàn kan ló wá fẹjọ́ Àǹtí sùn pé ó béèrè nípa okó ọkọ òun lójú òun. Ọ̀gá wa, tó jẹ́ pé ó máa ń fọwọ́ bo ẹnu kó tó sọ pé "ibẹ̀ yẹn", kọ lẹ́tà sí i: láti ọjọ́ Ajé, kó lọ sí yàrá ìránṣọ, níbi tí wọ́n ti ń lẹ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó bá ya. Kò ní fọwọ́ kan aláìsàn mọ́. Àǹtí kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó sórí àpótí, ó bú sẹ́kún. "Ibi tí mo ti sá wá ni wọ́n ń dá mi padà sí," ó ní. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, ṣùgbọ́n mi ò gbè é lẹ́yìn níwájú Ọ̀gá. Ẹ̀rù ló bà mí.

Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn kó tó lọ, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, bàbá kan wọlé. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó wọ ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ gúnrégé, ó so táì mọ́rùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló dì í mú. Ó ń bì, ó ń làágùn.

"Bàbá, kí ló ń ṣe yín?"

"Inú ni."

"Ṣé ibòmíì ò dùn yín?"

Ó wojú ọmọ rẹ̀. "Rárá o."

Ó yẹ kí n béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n "akọ̀wé" nìkan ló ń bọ̀ lẹ́nu mi, ta ni mo fẹ́ sọ ìyẹn fún, irú bàbá bẹ́ẹ̀? Mo kọ "ọ́sà" sínú fáìlì, mo ní kó lọ jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń dúró de dókítà.

Àǹtí ń kọjá lọ, ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú ọ̀rá. Ó dúró. Ẹni tó ti fi ọdún mọ́kànlá wọn ṣòkòtò fáwọn èèyàn rí ohun tí èmi ò rí: bàbá ò lè pa ẹsẹ̀ dé, apá kan ṣòkòtò náà sì fún ju èkejì lọ. Ó ní kí ọmọ bàbá dúró níta díẹ̀, ó fa kọ́tìnnì.

"Ẹ má bínú, bàbá. Ṣé ẹpọ̀n yín wú ni?"

"Ìwọ obìnrin yìí! Lónìí náà?" Ọ̀gá ti dé ẹ̀yìn wa.

Bàbá ò tiẹ̀ gbọ́ ọ. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ọmọ mi, ìpá ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní in, ó sì máa ń wọlé padà. Láti ìdájí ló ti kọ̀, ó le gbagidi."

"Ìfun ló há síbẹ̀," Àǹtí wí. "Ẹ pe àwọn oníṣẹ́ abẹ, kíá!"

Èmi ni mo sáré. Bàtà mi kan bọ́, mi ò padà lọ mú un.

Lọ́sàn-án, dókítà jáde láti yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ní ìfun náà ti ń dúdú bọ̀, pé ká ní ó di ìrọ̀lẹ́ ni, ọ̀tọ̀ lohun tá à bá máa sọ. Ó béèrè ẹni tó rí i. Mo wo Ọ̀gá, mo gbójú. "Àǹtí ni. Èmi ni mo kọ ọ́sà."

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Àǹtí wá mú ife tíì rẹ̀ kó tó lọ sí yàrá ìránṣọ. Ìgbà yẹn gan-an ni Ọ̀gá ń yẹ àwọn aláìsàn wò pẹ̀lú wa. Ó dé ọ̀dọ̀ bàbá tíṣà.

"Bàbá, báwo ni… ibẹ̀ yẹn?"

"Ibẹ̀ wo?" Bàbá na ìka sókè bíi pé kíláàsì ni wọ́n wà. "Ẹ dárúkọ rẹ̀."

Ọwọ́ Ọ̀gá ń lọ sẹ́nu, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹpọ̀n yín, bàbá."

"Ó ti padà sípò, koko lara mi le! Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó béèrè rẹ̀!"

Áà, ẹ̀rín! Ọkùnrin tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ní igun yàrá ń pàtẹ́wọ́, èmi ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ó nawọ́ sí Àǹtí.

"Mú lẹ́tà yẹn wá."

Ó ya á sí méjì, ó ya á sí mẹ́rin. "Gbé ife rẹ padà síbi tó wà."

Àǹtí gbé e padà sẹ́nu fèrèsé. Ó fọwọ́, ó nu ún gbẹ, ó bọ́ sídìí bẹ́ẹ̀dì tó kàn, níbi tí màmá kan ti fetí aṣọ bojú.

"Ẹ ǹlẹ́ o, màmá mi. Ibo gan-an ló ń dùn yín?"