Ìlà Tí Má-Dúró Fi Sára Dẹ́kìn

Kò sí bíríkìlà tó mọ dẹ́kìn, àjà kọnkéré orí ilé, dà bí ọkùnrin tí à ń pè ní Má-Dúró. Èmi tí mo ń sọ ọ́ yìí kò jókòó níwájú tíṣà rí, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi bá ti rí, ó di ìwé. Wọ́n ní bí omi kọnkéré kò bá pé, etí ló fi ń gbọ́ ọ. Mo gbà, èmi náà gbọ́ ọ nígbà kan.

Orúkọ náà kò ṣàdédé wá. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ dẹ́kìn, a kì í dáwọ́ dúró títí yóò fi parí, torí kọnkéré tútù tí a bá dà ti èyí tó ti gan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ìlà á wà níbẹ̀ bí ẹni fi ọ̀bẹ fà á. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin yìí fi máa ń dúró láàárín irin, tí á máa ké pé, "Ẹ má dúró." Lébìrà kankan kò gbọ́dọ̀ da páànù kan láìgbọ́ ohùn rẹ̀. Igbákejì rẹ̀ pàápàá kò gbọ́dọ̀ pàṣẹ.

Ó kọ́ ilé fún tọmọdé tàgbà. Bí wọ́n bá ṣe ọjọ́ ìbí nílé tirẹ̀, àga rẹ̀ tó ṣófo ló ń jẹ kéèkì. Ìyàwó rẹ̀ ló ń darí àdúrà ìrọ̀lẹ́. Obìnrin náà ti di pásítọ̀ ilé láìgba òróró.

Ìgbà tó yá, kókó yọ nínú ikùn ìyàwó yìí, dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ. Ohun kan ṣoṣo ni ìyàwó tọrọ: kí ọkọ òun di òun lọ́wọ́ mú, kó gbàdúrà, kí wọ́n tó gbé òun wọlé. Má-Dúró ṣèlérí. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà gan-an ni ẹ̀rọ ìpo-kọnkéré tí wọ́n ti ń retí dé, agbaṣẹ́ṣe tó gbé iṣẹ́ fún un sì ní ọjọ́ náà ni dídà. Má-Dúró gba ibi iṣẹ́ lọ. Oòrùn mú débi pé alángbá ń wá bàtà wọ̀.

Wọ́n dà á dé ìdajì nígbà tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Bàbá, wọ́n ti fẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Ó ní òun ò lọ láìrí yín. Dókítà sì ní ẹlòmíì ń dúró."

"Gbé fóònù fún un, kí n gbàdúrà."

Ó ṣí akoto. "Olúwa, di ọwọ́ dókítà mú. Ẹni tí o bá dì mú kì í... ta ló ń da omi tó báyẹn? Ẹ dín in kù. Kì í ṣubú, Olúwa. Bo ìyàwó mi, bo... ẹ gún un dé igun yẹn, ẹ má dúró."

"Bàbá wọn," ìyàwó rẹ̀ dá a dúró. "Ṣé èmi ni kí wọ́n gún dé igun, àbí kọnkéré?"

Ìyàwó náà tún fi kún un pé:

"Jésù ti gbọ́ ìdajì. Ìdajì tó kù, ẹ bá agbaṣẹ́ṣe gbà á." Ó pa fóònù.

Má-Dúró wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú kọnkéré. Ó gbé akoto lé igbákejì rẹ̀ lórí, ó ní, "Ẹ máa dà á lọ," ó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní ó sáré kọjá alùpùpù tó yẹ kó gbé e. Nígbà tó dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì ní kó lọ fọ ọwọ́ ná.

"Ẹ tètè," ni ìyàwó wí, "kí kọnkéré tó gan mọ́ yín lọ́wọ́."

Ó gbàdúrà. Kò sí lébìrà nínú èyí.

Níbi iṣẹ́, igbákejì ké, kò sẹ́ni tó mira. Lébìrà kan bi í pé, "Ìgbà wo lo di Má-Dúró?" Wọ́n ru páànù, wọ́n ń jiyàn, títí agbaṣẹ́ṣe fi dé bá kọnkéré tó ti gan. Wọ́n da ìyókù. Ìlà yọ létí òkè ilé. Wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún, ó tún yọjú.

Ara ìyàwó yá. Agbaṣẹ́ṣe kò pe Má-Dúró mọ́. Ìgànná àti àtẹ̀gùn ló ń ṣe báyìí, oòrùn kì í wọ̀ bá a níta. Òun ló ń darí àdúrà ìrọ̀lẹ́; ó sì gùn débi pé àwọn ọmọ ń bẹ̀bẹ̀ kí agbaṣẹ́ṣe dárí jì í.

Bí òun àti ìyàwó bá ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n máa ń gba abẹ́ ilé tí ìlà náà wà. Má-Dúró á gbójú sókè, á pòṣé.

"Ìlà yẹn ò dáa."

"Ibẹ̀ lẹ ti sọ̀kalẹ̀ wá bá mi."

"Ó wọ́."

"Èmi ò sọ pé ó gún," ni ìyàwó á wí, wọ́n á sì máa lọ.