Ẹ̀jẹ̀ Tí Ó Ń Dá Ogun Rẹ̀ Jà

Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún àbúrò mi ọkùnrin, ni mo bá ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi fún un. Wọn ò gbà á. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n bá òun wọ yàrá kan, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé kòkòrò apasójà ara, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní HIV, wà lára mi.

Ọmọ Ṣakí ni mí, iṣẹ́ tíṣà ni mo sì ń ṣe ní Baṣọ̀run. Mi ò mọ bí mo ṣe wọ kéké délé lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi wà ní kíṣìnì, ó ń se iṣu. Mo sọ fún un lójú ẹsẹ̀, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pa mọ́. Iṣu jóná mọ́ ọn lórí iná. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa. Èmi àti àwọn ọmọ á lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la."

Wọ́n lọ. Kò sí nǹkan kan lára ọkọ mi àti ọmọ méjèèjì. Mo sunkún ayọ̀ títí ojú mi fi wú.

Nígbà yẹn, bí sójà ara èèyàn bá ṣì pọ̀, wọn kì í tíì fún un lóògùn. Tèmi pọ̀ bí èrò ibùdókọ̀ Challenge láàárọ̀ Mọ́ńdè. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni mò ń lọ sí kíníìkì, wọ́n ń kà á, kò dín. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tó yá, òfin yí padà: gbogbo ẹni tó bá ní in ni kó máa lo oògùn. Dókítà obìnrin kan ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi ná. Èsì dé, wọn ò rí ẹyọ kan.

"Mà, oògùn wo lẹ ń lò?"

"Mi ò lo nǹkan kan."

"Ẹ má bẹ̀rù, a ò ní bá yín jà. Ṣé ibòmíì lẹ ti ń gbà á ni?"

"Rárá o."

"Àgbo ńkọ́?"

"Mo mu àgbo ibà lẹ́ẹ̀kan. Ó korò, mo tu ú dànù."

Ẹ̀rín pa dókítà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tún un ṣe. Àyẹ̀wò ń sọ pé ó wà, wọn ò sì rí i kà. Níkẹyìn, ọ̀gá wọn, bàbá olórí funfun kan, pè mí jókòó.

"Ẹ wà lára àwọn èèyàn díẹ̀ tí ara wọn ń dá kòkòrò yìí dè fúnra rẹ̀. Sójà yín ti tì í mọ́lé. Àmọ́ kò tíì jáde lára yín o, ó sì lè já lọ́jọ́ kan."

Wọ́n fi oògùn lọ̀ mí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa ṣọ́ mi ná, a sì fi àdéhùn sí i pé mi ò ní pa ọjọ́ àyẹ̀wò kankan jẹ. Nígbà tí ọkọ mi gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín: "Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ará Ṣakí lágídí. Mi ò mọ̀ pé ó dé inú ẹ̀jẹ̀!"

Ayọ̀ yìí ò jẹ́ kí n lè pa ẹnu mọ́. Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń lọ sí kíníìkì, obìnrin tó ń dirun ní Àgbọ́wọ́. Oògùn ló ń lò ní tirẹ̀, ara rẹ̀ sì le koko. Nígbà tó yá, mi ò rí i ní kíníìkì mọ́. Mo wá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rù, ó sì ń wúkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní sójà yín ti kòkòrò mọ́lé," ló wí. "Mo ní kí tèmi náà gbìyànjú wò. Mo ti pa oògùn tì."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹnu mi ló kó bá ọ yìí. Dìde, ká lọ."

"Ẹ jẹ́ n parí orí oníbàárà yìí ná."

Mo jókòó tì í, mò ń ya àtàṣímẹ́ǹtì, irun tí wọ́n ń dì mọ́ irun orí, fún un, kó má baà sá mọ́ mi lọ́wọ́. Bó ṣe parí, a wọ kéké, ó di ọ̀dọ̀ bàbá olórí funfun. Wọ́n bá àwa méjèèjì wí bí ọmọ iléèwé.

"Ara ti ìyáàfin yìí, ọ̀tọ̀ ni," wọ́n sọ fún un. "Oògùn ni sójà tìrẹ."

Ó padà sídìí oògùn. Lálaalẹ́ ni mò ń pè é lórí fóònù: "Ṣé o ti lò ó?" Á ní, "Mo ti gbé e mì, tíṣà!" Díẹ̀díẹ̀, ikọ́ lọ, ẹran ara padà. Lọ́jọ́ tí èsì rẹ̀ jáde pé wọn ò rí kòkòrò kankan kà nínú ẹ̀jẹ̀ òun náà, igbe ló fi ta. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ rọra, ọsibítù nibí!" Kò gbọ́. Ó dì mọ́ mi: "Ẹ̀gbọ́n, a ti dọ́gba!"

"A ti dọ́gba," ni mo wí, "ṣùgbọ́n wàá lò ó lálẹ́ òní."

Ó ní òun gbọ́dọ̀ dirun fún mi láti fi dúpẹ́. Inú rẹ̀ dùn jù, ló bá fa irun náà le débi pé ó fa ìpéǹpéjú mi sókè. Odindi ọjọ́ méjì ni mi ò lè pajú dé dáadáa, ọkọ mi sì ń bi mí pé kí ló ń yà mí lẹ́nu.